Aṣọ Tí Bùsírátù Gbé Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Ohun àkọ́kọ́ tí Tíṣà Harriet sọ fún Bùsírátù nípa ọkọ̀ ojú omi afẹ́ ni pé kí ó má ṣe ru gaàrí lọ.

"Bùsírá, gbọ́ mi," ni Tíṣà wí lórí àga tó máa ń jókòó sí níwájú ilé wọn ní Ìjemọ̀, ní Abẹ́òkúta. "Oúnjẹ tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, gbogbo Ìtòkú ò lè jẹ ẹ́ tán. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń gbé e kalẹ̀. Atalẹ̀ ni kí o mú dání. Bí ọkọ̀ bá ń mì, máa fi eyín họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí o wọ̀. Wọ́n á fún ọ ní káàdì kan. Òun ni kọ́kọ́rọ́ rẹ, òun náà ni orúkọ rẹ, má gbé e sọnù. Wọ́n á sì ní kí gbogbo yín wá wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Má bẹ̀rù nígbà náà. Ìdánrawò lásán ni."

Bùsírátù kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Tíṣà yìí kan náà ló kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ̀wé, ní ilé-ìwé alẹ́ àwọn àgbà, lọ́dún 1989. Kò gbàgbé pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, obìnrin méjì dìde kúrò lórí bẹ́ǹṣì tó jókòó sí, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó mọ orúkọ àwọn méjèèjì títí di òní. Tíṣà Harriet ló fi ẹfun àti ìwé sílẹ̀ lórí tábìlì, tó wá jókòó tì í títí wọ́n fi jáde. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, àwọn ọmọ Tíṣà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mú un wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi mọ ohun tó ń sọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Bùsírátù kò sọ fún un. Kì í ṣe afẹ́ ló ń bá lọ. Ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ lọ mú wálé.

Àsmá'ù ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Nínú ọmọ mẹ́rin tó bí, òun nìkan ló jókòó ti ìkòkò aró. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ tó ti lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan aṣọ tútù, kó sì sọ bóyá aró ti mu ún yó. Ó kàwé jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, gbogbo èèyàn sì rò pé yóò wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní Ìtòkú. Ó lọ gba iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé èèyàn kiri fún ìgbádùn. Iṣẹ́ wo? Alágbàfọ̀. Ọdún kẹrin rèé tí àwọn ará ọjà ti ń bi Bùsírátù léèrè, ọdún kẹrin náà rèé tó ti ń dá wọn lóhùn pé, "Ọ́fíìsì ọkọ̀ ló wà."

Ní báyìí, àdéhùn iṣẹ́ Àsmá'ù fẹ́ parí. Wọ́n fẹ́ fi í ṣe olórí ìpín kan nínú àwọn afọṣọ, fún ọdún mẹ́ta mìíràn. Ó ti bi ìyá rẹ̀ lórí fóònù bóyá kí òun gbà á. "Tí ẹ bá ní kí n máa bọ̀ wálé, Màámi, màá wá." Bùsírátù ní òun á fèsì bí àwọn bá fojú rinjú. Àǹfààní kan wà pé òbí òṣìṣẹ́ lè wá bá wọn rìn lẹ́ẹ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ márùn-ún gbáko, láti Durban ní Gúúsù Áfíríkà dé Mòsáḿbíìkì, àlọ àti àbọ̀. Kò jẹ́ kí ọmọ náà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tó fi gbà.

A kì í sì í lọ gba ọmọ lọ́wọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ òfo. Ní Ìtòkú, ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bá fẹ́ ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù, òbí rẹ̀ á ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò, á mú aṣọ tó dára dání, á wá kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá pé, "Ẹ ṣeun, ẹ bá wa dá a sílẹ̀." Ọ̀gá tó bá ti gba aṣọ náà ti dá ọmọ sílẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, Bùsírátù ṣe aṣọ kan fún ọ̀gá Àsmá'ù. Ó fi ìko di òṣùpá ńlá mọ́kànlá sí i, ó di ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ yí wọn ká. Ó rì í bọ aró lẹ́ẹ̀mẹtàlá. Nígbà tó gbẹ, wọ́n fi ẹ̀kọ sí i lára, wọ́n sì fi kùmọ̀ lù ú lórí ìtì igi títí tó fi ń dán bí ẹ̀yìn ọ̀bọ̀ǹbọ̀n. Wọn kò fọ̀ ọ́. A kì í fọ aṣọ ẹ̀bùn, omi ló ń pa dídán rẹ̀. Ẹni tí a bá fún ni yóò fọ̀ ọ́, a ó sì ti kìlọ̀ fún un pé kó dá a fọ̀ nínú omi tútù oníyọ̀, nítorí aró tuntun kì í bá aṣọ funfun ṣeré.

Àfúsá, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló fi kùmọ̀ lù ú. Bó ṣe ń lù ú ló ń fi Bùsírátù ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin náà á wọ bàǹtẹ́ lúwẹ̀ẹ́ bí àwọn òyìnbó?"

"Ẹnu rẹ yìí."

"Tí ẹ bá rí àbùùbùtán, ẹ bá mi kí i. Ẹ sì tètè dé o, mi ò lè dá ìkòkò aró mẹ́sàn-án tọ́jú."

"Èmi nìkan kọ́ ni màá dé," ni Bùsírátù wí.

Ní èbúté Durban, Àsmá'ù gba àyè wákàtí kan wá pàdé ìyá rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ funfun tó ní ìlà búlúù lọ́rùn, ó sì kúnlẹ̀ lórí kọnkéré láàárín èrò tó ń fa báàgì. Àwọn òyìnbó dúró wò ó. Bùsírátù gbé e dìde, ó fọwọ́ pa á lórí, ó wá wo ilé funfun gígùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló ni ilé yìí? Ọkọ̀ náà ńkọ́?"

"Màámi, òun lẹ ń wò yẹn."

Bùsírátù bẹ̀rẹ̀ sí í ka àjà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Nígbà tó ka méjìlá, ọrùn ń ro ó. "Lā ilāha illallāhu," ló wí. "Olúmọ ti rí ẹgbẹ́."

Gbogbo bí Tíṣà ṣe wí ló rí, ó sì tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún un ní káàdì. Wọ́n kó gbogbo wọn jọ, wọ́n fi ẹ̀wù pupa tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì kọ́ wọn lọ́rùn, ọkùnrin kan sì fi hàn wọ́n bí wọ́n á ṣe so ó. Bùsírátù so tirẹ̀, ó tún so ti ìyá àgbàlagbà òyìnbó tó dúró tì í, nítorí okùn dídì kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ aládìrẹ. Kò mọ ìgbà tí ọkọ̀ gbéra. Ó kàn ń wo ìlú Durban láti ojú fèrèsé ni, ó sì rí i pé ìlú náà ń rìn lọ. Ó ti ń múra sílẹ̀ fún mímì bíi ti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lórí odò Ògùn. Ohun tó rí kò ju bí ìgbà tí ẹnì kan ń mi ọmọ sùn lọ. Ó họ atalẹ̀ díẹ̀ nítorí pé Tíṣà ní kó họ ọ́.

Ti oúnjẹ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà á. Ní ọdún 1984, wọ́n jẹ́ mẹ́jọ nínú ilé tó ń pín búrẹ́dì kan jẹ láàárọ̀, èyí tó kéré jù ni ó sì máa ń kàn án nítorí pé òun ló ń gé e. Ní ọjọ́ kìíní, ó di búrẹ́dì méjì sínú áńkáṣíìfù, ó gbé e lọ sí yàrá de ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, búrẹ́dì tuntun ti ga bí òkìtì lórí tábìlì. Ó tún mú méjì. Ọjọ́ kẹta ló tó fọkàn balẹ̀ pé kò ní í tán.

Ọmọkùnrin ará Indonéṣíà kan tó ń jẹ́ Usamah ló ń tún yàrá rẹ̀ ṣe. Mùsùlùmí ni. Láti ọjọ́ tó ti rí ẹní ìkírun Bùsírátù, àràárọ̀ ló máa ń fi ìwé pélébé kan sórí ìrọ̀rí rẹ̀, tó ya ọfà sí, kí ó lè mọ ibi tí Mẹ́kà wà, nítorí pé ọkọ̀ ń yí. Lónìí, apá fèrèsé. Lọ́la, apá ilẹ̀kùn. Bùsírátù kó gbogbo ìwé náà pa mọ́ sínú Kùránì rẹ̀. Ó ti gbé láàárín àwọn Mùsùlùmí fún ọdún méjìlélọ́gọ́ta, kò rí ẹni tó ṣe irú èyí fún un rí.

Ṣùgbọ́n kò gbàgbé ohun tó bá wá. Ọ̀gá àgbà ilé ìfọṣọ, obìnrin ará Fílípíìnì kan, ti ní kí Àsmá'ù mú ìyá rẹ̀ wá kí òun ní aago mẹ́rin ọjọ́ kẹta. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Bùsírátù gbé aṣọ jáde nínú àpótí. Ọ̀rá tó fi wé e ti ya níbi tí wọ́n ti tú ẹrù rẹ̀ wò ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ó wo inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó rí àpò funfun kan tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n ya àwòrán ọkọ̀ sí lára. Inú rẹ̀ dùn. Àwọn èèyàn yìí mà lajú o, wọ́n tilẹ̀ fi àpò sílẹ̀ de ẹni tó bá ní ẹ̀bùn. Ìwé kékeré kan wà nínú àpò náà. Ó yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun á kà á tí òun bá jẹun tán. Ó ki aṣọ sínú àpò, ó so ẹnu rẹ̀, ó gbé e síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì gòkè lọ jẹun.

Nígbà tó dé, yàrá ti mọ́. Àpò kò sí níbẹ̀.

Usamah wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá kejì. Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ ni àwọn méjèèjì jọ ń sọ. "Mama, mo ti bá yín gbé e lọ," ló wí, inú rẹ̀ sì dùn. "Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́. Ó máa dé lọ́la."

Bùsírátù sáré ka ìwé kékeré náà. Àpò tí wọ́n ń kó aṣọ ìdọ̀tí sí ni.

"Usamah, bá mi pè wọ́n! Aṣọ aró ni! Wọn ò gbọdọ̀ kó o mọ́ nǹkan funfun!"

Usamah gbé fóònù. Bó ṣe ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni ojú rẹ̀ ń yí padà.

Kò pẹ́ tí Àsmá'ù fi wọlé. Kò kúnlẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń ṣa aṣọ lọ́tọ̀tọ̀ rí aṣọ gígùn tí kò ní orúkọ, ó rò pé aṣọ tábìlì ni, ó jù ú sínú ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọn aṣọ funfun tí wọ́n fẹ́ tẹ́ sí ibi oúnjẹ ọ̀gá ọkọ̀ ní aago méje ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Aṣọ tábìlì ọgbọ̀n, aṣọ ìnuwọ́ igba ó lé ogójì. Gbogbo rẹ̀ ti di búlúù.

"Ìpín ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́?" ni Bùsírátù bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Tèmi ni. Èmi ni mo ń dí àyè olórí mú. Ọ̀gá ní ẹni tó wà lórí ìpín ló ni ẹjọ́. Ó ní tí kò bá rí aṣọ funfun ní aago méje, kí n má retí ipò kankan mọ́. Kí n máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́." Ó wo ìyá rẹ̀. "Mo mọ aṣọ yẹn bí mo ṣe rí i, Màámi. Ta lẹ fẹ́ fún? Aṣọ fíríìdọ̀ọ̀mù ni."

Ohun tí Bùsírátù rìn láti Ẹ̀gbá wá wá ti dé bá a nínú yàrá. Kò ní í bẹ ẹnikẹ́ni, kò ní í kúnlẹ̀. Bó bá ṣáà ti dákẹ́, tó jẹ́ kí aago méje lù, ọmọ rẹ̀ á bá a wálé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó gbọ́ bí ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣe ń kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo orí ọmọ náà tó tẹ̀ ba.

"Ṣé wọ́n ti gbé aṣọ náà síná?" ló bèèrè.

"Rárá. Wọ́n fẹ́ fi omi gbígbóná àti bílíìsì tún un fọ̀."

Bùsírátù dìde fùú. "Wọn ò gbọdọ̀ dán an wò! Bílíìsì á sọ ọ́ di eyín ajẹtábà. Iná á sì dì í mọ́ ọn láéláé. Mú mi lọ síbẹ̀."

"Wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ ibẹ̀, Màámi."

"Ṣé àlejò ni mí níbi tí aró wà?"

Àsmá'ù pe ọ̀gá lórí fóònù, ọ̀gá sì gbà, bóyá nítorí pé kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Usamah mú wọn gba ilẹ̀kùn irin kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀, títí dé ibi tí omi òkun ti ga ju orí èèyàn lọ lóde.

Bùsírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ń fojú inú wo ibẹ̀ fún ọdún mẹ́rin: obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàsíà, ọṣẹ, ẹ̀yìn dídùn. Ohun tó rí ni ẹ̀rọ tó tóbi bíi yàrá, mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ń yí bí ìgbà tí ayé ń yí. Ẹ̀rọ kan ń gbé aṣọ bẹ́ẹ̀dì mì ní ẹnu, ó ń pọ̀ ọ́ jáde ní ìdí ní kíká, ó gbóná, ó sì tẹ́jú bí ìwé. Òógùn bo gbogbo èèyàn. Kò sí fèrèsé kankan. Ní oṣù kẹta ọdún 1983, nígbà tí omi ẹ̀rọ kò yọ ní Abẹ́òkúta fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún, Bùsírátù ru omi odò Ògùn lórí, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìndínlógún lójúmọ́, láti fi ṣan aṣọ mẹ́fà. Níbí, ọmọ rẹ̀ sọ fún un pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń fọ̀ lójúmọ́.

Ó sì wo Àsmá'ù. Ọmọ tó tẹ orí ba lórí bẹ́ẹ̀dì kọ́ nìyí. Ó ń rìn láàárín àwọn èèyàn mẹ́rìndínlógún tó wá láti ìlú mẹ́sàn-án, ó ń bá eléyìí sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bá tọ̀hún sọ èdè mìíràn. Ó dúró létí ẹ̀rọ kan, ó fetí sí i, ó ní kí wọ́n pa á kó tó bàjẹ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tó ṣi aṣọ dà, tó ń sunkún ní kọ̀rọ̀, ó fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kó dìde wá ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àwọn aṣọ tútù náà, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

"Kò tíì mu ún yó," ni Àsmá'ù wí.

"Kò tíì mu ún yó," ni Bùsírátù dáhùn. "Ẹ sún sẹ́yìn. Kí ni oògùn tí ẹ fi ń yọ àbààwọ́n níbí?"

Wọ́n gbé onírúurú ike wá. Ó ń ṣí wọn, ó ń fimú fa wọ́n níkọ̀ọ̀kan, títí tó fi kan ìyẹ̀fun funfun kan tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Háídírọ́ọ̀sì ni, èyí tí wọ́n ń dà sínú ìkòkò aró lójoojúmọ́ ní Ìtòkú. Òun ló ń tú aró sínú omi kó lè wọ aṣọ. Òun náà ló lè tú u jáde.

"Kì í ṣe inú ẹ̀rọ," ló wí, Àsmá'ù sì ń túmọ̀ rẹ̀. "Inú agbada ńlá yẹn. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má pò ó bí ẹ ti ń po ẹ̀kọ, aró kì í fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ bọlẹ̀ jẹ́jẹ́."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọlẹ̀. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó di àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ epo ẹ̀pà. Ọ̀gá ará Fílípíìnì náà káwọ́ gbera, ó ń wo aago. Bùsírátù ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó ti ọwọ́ rẹ̀ dúdú bọ agbada, ó fa aṣọ ìnuwọ́ kan jáde, ó sì tì í bọ omi tó mọ́ kíákíá. Nígbà tó gbé e sókè, funfun ni. Ẹnì kan pariwo. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn án.

Nígbà tí wọ́n lọ èyí tó kẹ́yìn tán, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún kí aago méje lù. Nínú gbogbo rẹ̀, aṣọ ìnuwọ́ méje péré ni kò padà sí bó ṣe wà.

Ọ̀gá náà nu ojú rẹ̀. Ó bá Àsmá'ù sọ̀rọ̀ díẹ̀, Àsmá'ù sì yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ó ní ipò náà ṣì wà, tí mo bá fẹ́ ẹ. Ó tún ń bèèrè pé kí lẹ fẹ́ bá òun sọ ní aago mẹ́rin."

Aṣọ náà wà lórí tábìlì. Dídán rẹ̀ ti lọ pátá, ó ti hunjọ, ṣùgbọ́n òṣùpá mọ́kànlá náà hàn kedere, ó tilẹ̀ hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bùsírátù gbé e. Ó kúnlẹ̀. Ẹ̀rù ba ọ̀gá náà, ó fẹ́ gbé e dìde.

"Ẹ jẹ́ kí ó ṣe é," ni Àsmá'ù wí.

"Sọ fún un," ni Bùsírátù wí, "pé ní ìlú wa, ẹni tó bá mú ọmọ wá sẹ́nu iṣẹ́ kì í wá lọ́wọ́ òfo. Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n wá, mi ò wá. Ọdún kẹrin rèé. Sọ fún un pé kó má bínú. Mo fi ọ́ lé e lọ́wọ́." Ó na aṣọ náà sí ọ̀gá. "Sọ fún un kó dá aṣọ náà fọ̀ lọ́tọ̀ o."

Àsmá'ù kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀, ó túmọ̀ gbogbo rẹ̀, ọ̀gá náà sì gba aṣọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bùsírátù gbé ìyókù atalẹ̀ lọ fún Tíṣà Harriet, ó sì dé Ìtòkú kí oòrùn tó mú. Àfúsá ti po aró sílẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn Bùsírátù, ó tún wo ẹ̀yìn ọ̀nà.

"Màmá, ẹ kú àbọ̀ o. Ẹ ní ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa dé. Àsmá'ù ti ọ́fíìsì dà?"

"Kò sí ní ọ́fíìsì kankan," ni Bùsírátù wí, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ń gbọ́. "Alágbàfọ̀ ni. Ọ̀gá ni lórí èèyàn mẹ́rìndínlógún."

Ó tú báàgì rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú aṣọ ìnuwọ́ méje tí búlúù kò kúrò lára wọn jáde, ó sá a sórí okùn láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n ń tà. Àfúsá fi ìka kàn án, ó yínmú.

"Iṣẹ́ ta nìyí? Aró rẹ̀ ò mà múná."

"Èmi àti ọmọ mi la jọ ṣe é," ni Bùsírátù wí, ó sì ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Kò sì sí fún títà."